ÌYÁ ÀGBÀ, BÀBÁ ÀGBÀ, Ẹ SỌ Ọ̀RỌ̀ YÍN: Àníyàn àti Ààlà Láàárín Òbí àti Ọmọ Tí Ó Ti Dàgbà

Kútúbà Ọjọ́ Jímọ̀, Iléṣà

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn láti ara ènìyàn, tí ó fi òbí ṣe ọ̀nà tí ọmọ gbà wá sí ayé, tí ó sì fi ọmọ ṣe ìtura ojú fún òbí. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọ́sìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ẹ̀mí ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú láti páyà Ọlọ́hun ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá ń páyà Ọlọ́hun kò ní fi ẹ̀tọ́ òbí dù ú, kò sì ní fi ẹ̀tọ́ ọmọ dù ú.

Ọ̀rọ̀ wa tòní jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà kò lè sọ nínú ilé wọn. Nítorí náà ni a ṣe gbé e wá sórí mínbárì.

Ìyá kan wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ìyá kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé Ìsọkùn ni ó ń gbé, ó sì lè jẹ́ Ìjòkà tàbí Ìmọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà wà ní Èkó. Nígbà tí nǹkan le fún wọn, wọ́n kó ọmọ mẹ́ta wá fún màmá ní ilé. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta péré ni, kí àwọn fi rí ibi fi ẹsẹ̀ lé. Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ń dé lóṣooṣù. Nígbà tí ó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nísinsìnyí, ìpè orí fóònù ni ó kù. Owó èlùbọ́ tí ìyá ń tà ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà ni ó fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́. Owó tí ó yẹ kí ó fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fi ń ra ìwé àti bàtà. Bí ọmọ bá pè láti Èkó pé, “Màmá, ṣé dáadáa ni ẹ wà?” ìyá a dáhùn pé, “Dáadáa ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.” Bí ó bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀. Aládùúgbò mọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń pàtẹ lọ́jà mọ̀. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ẹ̀yin ará, bíbá ọmọ tọ́ ọmọ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ti ìlú yìí jáde lọ kiri ilẹ̀ Yorùbá àti òkè rẹ̀, tí wọ́n ń ta ọjà àwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ta ni ó ń tọ́jú ọmọ wọn nílé? Bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni. Ṣùgbọ́n nígbà náà, agboolé kún. Bí ìyá àgbà kò bá lè dìde, ìyàwó ilé kan yóò dáná, àbúrò bàbá kan yóò sì bá ọmọ wí. Lónìí, ọ̀pọ̀ agboolé ti dá páropáro. Ẹrù tí ogún ènìyàn ń gbé ti bọ́ sí orí arúgbó kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ sì ti wúwo láti sọ pé ẹrù náà pọ̀ jù.

Kí ni ó fà á tí wọn kì í fi í sọ ọ́? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò bínú, kò sì ní pè mọ́. Ojú ń ti àwọn kan. Àwọn mìíràn sì rò pé sùúrù ni àwọn ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí á tún èyí rò. Sùúrù ni kí ènìyàn fara da ohun tí Ọlọ́hun kọ mọ́ ọn, láìbínú sí Ọlọ́hun. Kí ènìyàn máa fi ohun tí ọmọ lè tún ṣe pamọ́ fún ọmọ náà, tí ó sì ń di kùnrùngbùn sí i nínú, ìyẹn kì í ṣe sùúrù. Àwọn bàbá wa sọ pé, ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àpẹẹrẹ Ànábì Yáákúbù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òbí tí ó ti dàgbà ṣe ń bá ọmọ tí ó ti dàgbà sọ̀rọ̀, ẹ ka Súrà Yúsúfù, Súrà kejìlá. Àwọn ọmọ Ànábì Yáákúbù tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọmọdé. Ọkùnrin tí ó ní agbára ni wọ́n.

Nígbà tí wọ́n wá tọrọ Yúsúfù lọ sí oko, bàbá wọn kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nínú āyà kẹtàlá, ó sọ fún wọn pé inú òun yóò bàjẹ́ bí wọ́n bá mú un lọ, ẹ̀rù sì ń ba òun kí ìkookò má baà pa á jẹ nígbà tí ọkàn wọn kò bá sí lára rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ó sọ bí ó ti rí lára òun, ó sọ ohun tí òun ń bẹ̀rù gan-an, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti lè ṣe àìbìkítà. Kò bú wọn, kò sì pa òwe tí wọn kò ní lè túmọ̀.

A mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún púpọ̀ kọjá, ìyàn dé, àwọn ọmọ kan náà tún padà wá pé kí bàbá fún àwọn ní Binyámínì láti bá àwọn lọ sí Íjíbítì. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, Ànábì Yáákúbù kò dúró lórí àníyàn nìkan. Āyà kẹrìndínláàádọ́rin sọ fún wa pé ó ní òun kò ní rán an lọ àfi bí wọ́n bá fi Ọlọ́hun ṣe ẹ̀rí fún òun pé wọn yóò mú un padà wá. Ààlà nìyí. Àánú sì wà nínú ààlà náà, nítorí pé ó yọ ohun tí ó bá ju agbára wọn lọ kúrò. Nígbà tí wọ́n búra tán, ó gba ìlérí wọn, ó fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì tún fún wọn ní ìmọ̀ràn ìrìn-àjò, pé kí wọ́n má gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, òbí tí ó dá ààlà kò tíì kọ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó dá a tán, ó ṣì ń gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn. Èkejì, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí tó fún òbí láti béèrè ẹ̀rí kí ó tó tún gbà. Ìyẹn kì í ṣe ìkórìíra. Ẹ̀kẹta, bí ìbànújẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ tó, Ọlọ́hun ni ó gbé e tọ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí āyà kẹrìndínláàádọ́rùn-ún ti fi hàn. Kò gbé e lọ sí ojúde. Ohun tí ó kan ọmọ, ọmọ ni ó sọ ọ́ fún. Ohun tí ó ju agbára ọmọ lọ, Ọlọ́hun ni ó sọ ọ́ fún.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun àti Fátímà

Àwọn kan lè sọ pé, “Báwo ni n ó ṣe sọ fún ọmọ mi pé rárá, nígbà tí mo mọ̀ pé ó nílò rẹ̀?” Hádíìsì kan wà nínú Bukhárì àti Múslímù. Fátímà, ọmọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ti di abilékọ. Ọlọ ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ọgbẹ́. Ó gbọ́ pé àwọn tí ó lè ran òun lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé ti dé sí ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì lọ tọrọ ẹnì kan. Kò bá a nílé, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ááíṣà. Ní alẹ́, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lọ sí ilé ọmọ rẹ̀. Òun àti Àlí ti wà lórí ibùsùn. Wọ́n fẹ́ dìde, ó ní kí wọ́n dúró bí wọ́n ti wà, ó sì jókòó sí àárín wọn. Kò fún wọn ní ohun tí wọ́n tọrọ. Ó kọ́ wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n ṣe Subuhánallọ́ọ̀hì ní ìgbà 33, Aliamudulilláhì ní ìgbà 33, àti Allọ́ọ̀hù Akubárù ní ìgbà 34. Ó ní ìyẹn lóore fún wọn ju ìránṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí i pé òun ni ó dìde lọ bá wọn. Kò ránṣẹ́ “rárá” sí ọmọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Ó jókòó tì wọ́n, kò sì fi ọwọ́ òfo kúrò níbẹ̀. Bí ẹ kò bá lè fún ọmọ ní owó, ẹ lè fún un ní ìmọ̀ràn, ẹ lè ṣe àdúà fún un, ẹ sì lè fún un ní ojú rere. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Bí a ó ti ṣe é

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ohun márùn-ún rèé.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Súrà Bákárà, āyà 233, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ó fi í sí abẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ìjíròrò láàárín bàbá àti ìyá, ó sì là á kalẹ̀ níbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí ọmọ ni ìyá lára, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí ọmọ ni bàbá lára. Bí a bá ní láti jíròrò kí á tó gba ọmú lẹ́nu ọmọ, mélòó-mélòó ni kí á kó ọmọ kúrò ní Èkó wá sí Iléṣà? Kí ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó yẹ kí á ti mọ iye ìgbà tí yóò lò, ẹni tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹni tí ìyá àgbà yóò pè bí ara ọmọ kò bá yá lóru.

Èkejì, ẹ sọ ọ́ kí ó yé. Ẹ má sọ pé, “Ẹ kò mọ̀ pé mo wà láyé mọ́.” Ẹ sọ pé, “Ọmọ mi, mo lè tọ́jú ọmọ méjì, n kò lè tọ́jú mẹ́ta. Iye tí mo ń ná lóṣù rèé. Láti oṣù tí ń bọ̀, ìwọ ni yóò máa san owó ilé-ẹ̀kọ́.” Bí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Āyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ìyẹn Bákárà 282, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe àìfọkàntánni. Ààbò ni fún ìbátan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ibùgbé yín ṣe ọ̀nà ìrìn-àjò ẹlòmíràn. Ọmọ lè wá pé kí bàbá ta ilé tí ó ń gbé, kí òun fi lọ sí òkè òkun, pé bí òun bá débẹ̀, òun yóò kọ́ èyí tí ó dára jù ú lọ. Ọlọ́hun lè jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, níbo ni yóò sùn ní òní? Ẹ lè sọ pé, “Èyí tí mo lè fi ràn ọ́ lọ́wọ́ rèé, ilé tí mo ń gbé kò sí nínú rẹ̀.” Ẹ rántí àwọn ọmọ yòókù pẹ̀lú. Nígbà tí bàbá Nùúmánù ọmọ Báṣírì fún un ní ẹ̀bùn kan, ìyá rẹ̀ ní òun kò fara mọ́ ọn àyàfi bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá jẹ́rìí sí i. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun béèrè bóyá gbogbo ọmọ rẹ̀ ni ó fún ní irú rẹ̀. Nígbà tí ó ní rárá, ó pàṣẹ pé kí ó páyà Ọlọ́hun, kí ó sì ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá náà gba ẹ̀bùn ọ̀hún padà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin náà, ẹ mọ ààlà tiyín. Ọmọ-ọmọ yín ní bàbá, ó sì ní ìyá. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ má wo fóònù ní alẹ́, ẹ má fi fóònù yín sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn wọn. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ kò kírun, tí kò sì lọ sí ilé-kéú, ẹ pe àwọn òbí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ má bú ìyàwó ọmọ yín lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ sí ọmọ-ọmọ kò ní kí á má kọ ohun tí kò tọ́ fún un. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń gbé Umáámà, ọmọ Sáínábù ọmọ rẹ̀, lórí ìrun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àsánì, ọmọ Fátímà, mú dàbínù sàráà sẹ́nu, ojú ẹsẹ̀ ni ó ní kí ó tu ú dànù, nítorí pé ará ilé rẹ̀ kì í jẹ sàráà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má gégùn-ún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti ṣépè fún ara wa, fún ọmọ wa àti fún dúkìá wa, kí ó má baà ṣe kòńgẹ́ àkókò tí Ọlọ́hun ń gba àdúà. Ibi tí ẹnu sì ti ń dé ibi èpè, bí ẹ bá wò ó, ó máa ń jẹ́ ibi tí a ti dákẹ́ pẹ́ jù.

Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún ẹ̀yin náà. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti di bàbá àti ìyá, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Nínú Súrà Áhúkáfù, āyà 15, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn tí ó pé ogójì ọdún. Àdúà tí onítọ̀hún ṣe níbẹ̀, ó fi dúpẹ́ fún ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun ṣe fún òun àti fún òbí òun, ó sì fi tọrọ dáadáa fún àrọ́mọdọ́mọ òun. Òbí rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, òun ni ó wà ní àárín. Ibi tí ẹ wà nìyẹn. Ẹni tí ó wà ní àárín kò gbọdọ̀ di ẹrù ọmọ rẹ̀ lé orí òbí rẹ̀, kí òun sì máa mi ọwọ́ lọ.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Bí ìyá yín tí ó jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún bá ń jí ní agogo mẹ́rin òru láti pọn omi fún ọmọ yín, ẹ wá wo ẹni tí ó ń fún ẹlòmíràn ní ọmú. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá dáadáa ni ó wà, ẹ má gba “dáadáa ni” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ béèrè pé, “Màmá, ìgbà wo ni ẹ ra oògùn yín kẹ́yìn? Èló ni ó kù lọ́wọ́ yín? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?” Bí ó bá sì sọ òtítọ́ fún yín, ẹ má fapá jánú. Nínú Súrà Ísíráì, āyà 23, Ọlọ́hun kò fẹ́ kí á ṣe họ̀ọ̀ sí òbí tí ó ti darúgbó. Òṣé tí ẹ pa lórí fóònù nígbà tí ìyá yín sọ pé ó ti rẹ òun, Ọlọ́hun gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣẹ́ pe ìyá yín wá sí òkè òkun láti wẹ ọmọ tuntun. Ìwé àbẹ̀wò ìjọba Bìrìtìkó kì í sábà ju oṣù 6 lọ ní ìwọlé kan. Ìyá fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bàbá sílẹ̀, ó bọ́ sínú òtútù níbi tí kò ti mọ aládùúgbò kan. Bí ó bá ní oṣù mẹ́ta ni òun lè lò, ẹ gbà fún un. Àlejò yín ni, ìyá yín sì ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ yín kọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa tún rántí pé ọmọ tí bàbá àgbà tọ́ ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí Abdul-Múttálíbù, bàbá bàbá rẹ̀, gbà á sọ́dọ̀, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ọdún méjì péré ni wọ́n jọ lò. Ṣùgbọ́n kí arúgbó náà tó kú, ó ti pe Àbú Tálíbù ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ọjọ́ orí òun ti lọ. Ẹ̀yin bàbá àgbà, ta ni ẹ ti bá sọ̀rọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ kò jí, tani yóò mú ọmọ náà dání?

Ìtàn ìlú wa sọ pé ojú Odùduwà fọ́, ọmọ rẹ̀ kan sì rìn títí dé etí òkun láti bu omi tí a fi wò ó sàn. Láti ibẹ̀ ni a ti ń pe Ọwá wa ní Obòkun. Òdodo tí kò ní iyèméjì nínú wà nínú Àlùkùránì, pé ojú Ànábì Yáákúbù funfun nítorí ìbànújẹ́ lórí ọmọ, ó sì là nígbà tí wọ́n da ẹ̀wù ọmọ náà bò ó lójú. Nígbà tí àwọn ọmọ tí ó ti ṣẹ̀ ẹ́ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá àwọn tọrọ àforíjìn, kò lé wọn. Ó ní òun yóò bá wọn tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Olúwa òun. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà nílé àti lóko, ojú àwọn òbí yín ń ṣe báìbáì. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ẹkún ni ó fọ́ ọ. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì fetí sí wọn títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Ọlọ́hun, ṣàánú àwọn òbí wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣàánú wa ní kékeré. Fún àwọn àgbà wa ní àlàáfíà àti ẹnu tí yóò sọ òtítọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Fún àwọn ọmọ wa ní etí tí yóò gbọ́ àti iṣẹ́ tí yóò lérè. Má ṣe jẹ́ kí owó, jíjìn tàbí ìtìjú pín ilé wa níyà. Fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí Iléṣà, sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti sí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Forí jin àwọn òbí wa tí wọ́n ti kú kí á tó mọ ohun tí ó ń dùn wọ́n. Àámín.

Ẹ dìde, ẹ gbé ìrun dúró.